Ìsun Olókùúta Nínú Ìwé Ìjọba

Àtìní, ọjọ́ kọkànlá oṣù Jánúárì, 1864

Àlejò dé. Ọkọ̀ ọkọ mi, Bàbá Kúbúrá, ló gbé e wá láti Èjìnrìn, láàárín ẹní àti agbọ̀n iyọ̀. Ọkọ mi ní láti àárọ̀ ló ti ń dúró létí omi, tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọn kò sì gbà láti gbé e. Wọ́n rò pé ó wá mú ènìyàn ni.

Afọlábí lorúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n bí i sí. Akọ̀wé ìjọba Èkó ni, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. A fi í sí yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, títí wọn yóò fi rí ilé tí wọ́n ṣèlérí fún un. Mo mọ̀ pé wọn kò ní í rí i.

Bí mo ti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nídìí oúnjẹ nìyí: wọ́n fẹ́ la etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kí àwọn oníṣòwò lè kọ́ ilé ẹrù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, oníṣòwò kan ti hú ibojì àwọn ènìyàn níbi tó ti ń la ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà. Nítorí náà, kí wọ́n tó fi àdá kan igbó tiwa, wọn yóò kọ gbogbo ibi àtijọ́ sínú ìwé kan. Ibi tó bá wọ ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibi tí kò bá wọ̀ ọ́ — ó ní ilẹ̀ lásán nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. "Ta ló wá sọ fún wọn pé àwọn mọ ohun tó jẹ́ àtijọ́?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí mo fún un nínú ọkàn mi, tí mi ò jẹ́ pè síta, ni Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ń jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí kò mọ̀.

Àtàláátà, ọjọ́ kejìlá

Akọ̀wé jẹ ẹja mẹ́ta. Ó bèèrè ṣíbí. A kò ní ṣíbí.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé Bàbá Wàhábì. Bàbá Wàhábì ni olórí ìdílé ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Àwọn onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ jókòó sápá ọ̀tún. Àwa tí ogun Èkó lé wá lọ́dún 1851 jókòó sápá òsì, Alfa Súbérù ló ṣíwájú wa. Mo kọ "àwa". Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti jẹ́ ìyàwó onílẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ìjókòó, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sápá òsì kí n tó ronú.

Akọ̀wé ṣàlàyé ìwé náà. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Orúkọ ibẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀. Ìgbà tó ti wà. Ohun tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì. Lẹ́yìn náà, olùtọ́jú kan ṣoṣo, ẹni tí ìjọba yóò mú bí ibẹ̀ bá bàjẹ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Fẹ́búárì ni ọkọ̀ yóò padà wá gbé e, kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá wọ ìwé títí di ọjọ́ náà kò tún wọ̀ ọ́ mọ́.

Gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ti di àtijọ́. Láti ìgbà tí a ti kírun tán ni wọ́n ti ń ya wá sílé. Apẹja kan wọ́ ọkọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ wá, ihò wà nídìí rẹ̀, ewúrẹ́ ti bímọ sínú rẹ̀. Obìnrin kan tó wá kí ẹbí rẹ̀ láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n bá òun kọ ọlọ ìyá òun. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n kọ ìyá ìyàwó òun, pé kò sí ohun tó gbó tó o nílùú yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.

Akọ̀wé ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ó ń di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú bí ẹni tí nǹkan ń ta.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àkàndùn ló mú akọ̀wé lọ́wọ́. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà gé orí ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó fi ìka náà bọ inú rẹ̀, ó fi aṣọ dì í. Ọmọkùnrin náà pariwo títí adìyẹ fi sá. Láti òní lọ, Ọlọ́wọ́-Wíwú ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Kò lè di kálàmù mú. Ó bèèrè ẹni tó mọ̀wé kọ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi, láìwo ojú mi, ní: "Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n kọ." Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló kọ́ mi ní lẹ́tà kéwú lÉkòó, òun ni mo fi ń kọ èyí. Ìyá Sàró kan tó ń ránṣọ nítòsí wa ló kọ́ mi ní A-B-D, ọdún méjì gbáko, kó tó kó lọ sí Ìkòròdú.

Ọlọ́wọ́-Wíwú wò mí. Ó ní kí n kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́: Wòsílátù. Ó ní lẹ́tà mi tóbi jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ó ní kí n máa kọ ọ́ ní Yorùbá, òun yóò yí i sí èdè òyìnbó nígbà tí òun bá dé Èkó.

Mi ò tíì sùn dáadáa tó báyìí rí — rárá, irọ́ ni. Mi ò sùn.

Àtìní, ọjọ́ kejìdínlógún

Ibi mẹ́ta lónìí. Òkìtì ìdàrọ́, pàǹtí irin àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́, tí koríko ti bò. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ kírun Jímọ̀ kí mọ́ṣáláṣí tó wà. Yàrà ogun tó wà lẹ́yìn ìlú, tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ṣeré. Bàbá Kúbúrá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fa ẹ̀wọ̀n irin tí a fi ń wọnlẹ̀, Ọlọ́wọ́-Wíwú ń ka ìwọ̀n sókè, èmi ń kọ ọ́. Kúbúrá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ìyá òun ni ìjọba.

Inú mi dùn. Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara mi. Inú mi dùn gan-an.

Àlàrùbá, ogúnjọ́

A dé Ìsun Olókùúta.

Omi ibẹ̀ ni gbogbo wa ń mu nígbà tí ọ̀sà bá níyọ̀. Òkúta dúdú méje ló yí ojú ìsun ká, irú wọn kò sí níbòmíràn ní Ẹ̀pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó tò wọ́n. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ní bí ìyá ìyá òun ti bá wọn náà nìyẹn.

Ibojì mẹ́ta wà lápá òkè ìsun náà. Ìyá mi wà nínú ọ̀kan.

Èwo nínú wọn, mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí a sá kúrò lÉkòó. Èrò pọ̀ jù, wọ́n fi ìyá mi sí ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi mí sí ìkẹta. Ibà ti mú mi kí a tó dé. Nígbà tí ojú mi là, ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá. Wọ́n ní ìyá mi, Rọ̀kíbátù, ti kú, wọ́n ti sin ín, ó wà nínú mẹ́ta yẹn. Ẹni tó sin ín, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ń ṣàdúrà fún.

Lónìí, a bá èèkàn nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kàn án yí ìsun àti ibojì po. Bàdírù ló kàn án, oníṣòwò epo tó wá láti Ìkòròdú lọ́dún tó kọjá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn rẹ̀, ó kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ìjọba ti fún òun ní etí omi láti ibí dé ibi igi àgbọn, àyàfi ohun tó bá wọ ìwé. "Bí ẹ bá kọ ọ́, mo kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ilé ẹrù mi nìyẹn." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló sọ ọ́.

Mo kọ orúkọ ibẹ̀, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí mo dé "ohun tó wà níbẹ̀", mo gbé kálàmù sílẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ata tán. Mo gbàgbé láti rà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìjà ni wọ́n fi ṣe ìpàdé òní.

Alfa Súbérù ní olùtọ́jú Ìsun Olókùúta gbọ́dọ̀ jẹ́ ará Èkó, nítorí òkú wa ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ la sì gúnlẹ̀ sí. Bàbá Wàhábì ní òkú àlejò kì í sọ ilẹ̀ onílé di ti àlejò, pé àwọn òkúta méje yẹn ti wà kí a tó bí bàbá Alfa Súbérù. Alfa ní ta ló ń pe ta ní àlejò lẹ́yìn ọdún méjìlá? Bàbá Wàhábì ní ẹni tó ń bèèrè ni. Àwọn ọ̀dọ́ dìde. Ọkọ mi dúró láàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dá màlúù dúró.

Ọlọ́wọ́-Wíwú fi ọwọ́ òsì lu tábìlì. Orúkọ kan, ó ní. Bí kò bá sí orúkọ kan tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé, òun kò lè gbé ojú ewé tó ń jà lọ sí Èkó. Òfo ni òun yóò fi sílẹ̀.

Bàdírù wà lẹ́yìn èrò, ó ń jẹ obì. Mo ti fún un lórúkọ: Bàbá Èèkàn.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kò lọ sípàdé. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún un, ó bèèrè ohun kan péré: "Ṣé wọ́n ti yọ èèkàn yẹn?" Mo ní rárá. Ó káwọ́ lé itan.

Àtìní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Alfa Súbérù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun ni mí, ẹ̀yìn bàbá mi lòun ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ó ní ọwọ́ mi ni kálàmù wà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Wàhábì náà ránṣẹ́ pè mí. Ó fún mi ní ẹja àrọ̀ méjì, èyí tó tóbi. Ó ní ìyàwó wa ni mí, ọmọ wa ni Kúbúrá, ilẹ̀ Kúbúrá sì ni ilẹ̀ yẹn. Òun náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A se ẹja náà. Ó dùn. Mo ń jẹ ẹ́, ojú ń tì mí.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ṣe ohun tí kò dáa.

Ọlọ́wọ́-Wíwú jáde lọ nasẹ̀. Ìwé wà lórí tábìlì. Mo ṣí i, mo kọ "Súbérù" sí ibi tí wọ́n ní kí a kọ olùtọ́jú sí. Mo wò ó. Ó rí bí orúkọ tí olè kọ. Mo rántí ojú ọkọ mi níbi tó ti na ọwọ́ méjèèjì. Mo fi omi sí i bí a ti ń fọ wàláà iléekéwú — ìwé kì í ṣe pákó, tàdáwà sì tàn ká gbogbo ojú ewé. Mo fà á ya.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé.

Ó padà dé, ó ṣí i, ó rí i lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó bínú. Ó ní wọn yóò bi òun léèrè ojú ewé náà lÉkòó, pé iṣẹ́ òun lè bọ́. Ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní: "Ìyá Kúbúrá, ká ní ẹ kọ ọ́ tí mi ò mọ̀, tí mo gbé e lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á síta níbí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?" Mo ní ìjà. Ó ní: "Ní ọjọ́ kejì, ibojì wo ni yóò kù?"

Ó wo ìka rẹ̀, ó ní òun yóò sọ pé ọyún àkàndùn òun ló ta sí ojú ewé náà, tí òun fi ya á. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tún ojú ewé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ibi olùtọ́jú sílẹ̀ lófo.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kí n rọra kọ èyí.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbé ìkòkò, mo lọ pọnmi. Mo bá ìyá ọkọ mi níbẹ̀. Ó ń gbálẹ̀. Kì í ṣe etí ìsun ló ń gbá. Láàárín ibojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ó tẹ̀ba, ìgbálẹ̀ kúkúrú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí gbòǹgbò wà láìwò ó.

Mo ti máa ń rí i pé ibẹ̀ mọ́. Mo rò pé àwọn ọmọ iléekéwú ló ń gbá a.

Mo ní: "Ìyá, láti ìgbà wo lẹ ti ń gbá ibí?"

Kò dáwọ́ dúró. "Láti ìgbà tí mo ti gbẹ́ wọn."

Mo gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà náà, ó ń gbálẹ̀ lọ bó ti ń sọ ọ́, bíi pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wa dé, àwọn ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ wà nípàdé, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n gba àwọn tó sá wá láti Èkó. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ọkọ̀ títí ìpàdé yóò fi parí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá pọnmi. Wọ́n bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ létí omi. Ọkùnrin méjì ti kú nínú rẹ̀. Obìnrin kan ń kú lọ.

"Mo fún un lómi yìí mu. Ó gbé orí lé mi nítan. Ó ní òun ní ọmọ kan nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, Wòsílátù lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kó dá sùn, pé ẹ̀rù máa ń bà á bó bá dá sùn."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi.

Ó ní oòrùn ti ń mú, àwọn ọkùnrin kò tíì parí ìpàdé wọn. Wọ́n fi ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè gbẹ́lẹ̀. Òun kò tíì ṣe ìmàle nígbà náà. Ó lọ bá alfa kan tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ọkọ̀, ó bi í pé ibo ni ẹ máa ń kọjú òkú yín sí? Alfa náà fi ìka hàn án. Kò sí aṣọ funfun. Ó bọ́ ìró tí wọ́n fi gbé e níyàwó, ó fà á ya sí mẹ́ta. Nígbà tí bàbá ọkọ mi gbọ́ pé ó ti tẹ àṣẹ ìpàdé lójú, kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.

"Èyí tó wà láàárín ni ìyá rẹ."

Ọdún méjìlá. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó máa ń wá sùn tì mí ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ yẹn, tí mi ò mọ ẹni tó rán an. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ìgbà yìí wá. Ó nàró, ó di ẹ̀yìn mú.

"Bí mo bá sọ ọ́, o ó máa rò pé àánú ni mo fi fẹ́ ọ fún ọmọ mi. Kì í ṣe àánú. Ọdún méjì ni mo fi wò ọ́. O mọ́ra, o mọ̀wà hù, o sì máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sóhun tó ń pani lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nílé mi."

Ó ní kí n pọn omi mi, ilẹ̀ ti mọ́. Mo kúnlẹ̀ síbi ibojì tó wà láàárín. Mo kí ìyá mi. Òun nìkan.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Bàbá Kúbúrá. Òun náà kò gbọ́ ọ rí. Ó sunkún jù mí lọ.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹta oṣù Fẹ́búárì

Ìpàdé ìkẹyìn, létí ìsun gan-an. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó di gèlè, ó ní òun ń bọ̀. Gbogbo ilé wo ara wọn.

Alfa Súbérù bẹ̀rẹ̀. Bàbá Wàhábì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá gba àyè láti sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ fún mi, ṣókí, láìsunkún. Alfa Súbérù wo ilẹ̀, ó ní: "Èmi ni mo fi ìka hàn yín." Òun ni alfa tó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn! Kò mọ ẹni tó bi í léèrè, ibà ti mú un lójú.

Mo rò pé ibi tí yóò parí sí nìyẹn, pé wọn yóò kọ orúkọ Ìyá. Bàbá Wàhábì pàápàá ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ní rárá.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń wá orúkọ. Èmi, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà. Ta ló lè bà á jẹ́ nínú gbogbo wa? Ará Èkó kò ní í hú òkú ènìyàn rẹ̀. Ará Ẹ̀pẹ́ kò ní í dí omi tó ń mu. Bàdírù nìkan ló ní èèkàn nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ Bàdírù."

Ariwo! Bàbá Èèkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obì mì. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ dè mí mọ́lẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ bọlá fún ọ ni. Ọdún kan lo dé, o ti fẹ́ di olùtọ́jú ohun tó ju gbogbo wa lọ. Ṣé kò wù ọ́?"

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e: bó bá kọ̀, gbogbo ìlú yóò mọ ohun tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Bó bá gbà, òun ni ìjọba yóò mú bí òkúta kan bá ṣí. Ṣùgbọ́n mo tún rí ohun mìíràn. Ó wù ú. Ẹnikẹ́ni kò tíì pè é sí ohunkóhun rí ní Ẹ̀pẹ́, àfi kí wọ́n bá a ná epo.

Ó ní: "Mo gbà."

Alfa Súbérù jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, Bàbá Wàhábì jẹ́ èkejì. Ẹ̀gbẹ́ kankan kò pàdánù fún èkejì. Mo kọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn, lẹ́tà ńlá-ńlá. Níbi "ohun tó wà níbẹ̀", mo kọ: òkúta méje, omi, ibojì mẹ́ta. Mo bi Ọlọ́wọ́-Wíwú bóyá mo lè kọ orúkọ ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ Rọ̀kíbátù.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrin

Bàdírù fa èèkàn rẹ̀ tu fúnra rẹ̀. Ó kó wọn lé orí, ó ń kọrin lọ.

Àtìní, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ̀ gbé Ọlọ́wọ́-Wíwú lọ. Ìka rẹ̀ ti jinná, kò sì yẹ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà, ó fi awọ wé e, ó dì í mọ́ àyà. Ìyá kó ẹja gbígbẹ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ etí omi, tòun ti bàtà rẹ̀.

Wọ́n rí oṣù nírọ̀lẹ́. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Máàṣì

Ọdún ààwẹ̀ ti kọjá láti ìjẹta. Mi ò kọ̀wé kankan láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀, inú mi sì balẹ̀.

Ìwé dé láti Èkó lónìí. Òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ Kúbúrá. Akọ̀wé fi ẹ̀dà ti Yorùbá sí i, kí n lè kà á. Mo kà á létí ìsun. Nígbà tí mo dé orúkọ olùtọ́jú, Bàdírù ní kí n dúró díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn súnmọ́ tòsí. Ó ti fi ọparun ṣe ọgbà yí ibẹ̀ po. Àná ló lé aya Alfa Súbérù pé kó má fọṣọ nítòsí òkúta.

Nígbà tí a délé, Ìyá jókòó síbi tó ń jókòó sí. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó bi mí: "Kí ni wọ́n kọ nípa mi níbẹ̀?"

Mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Olùtọ́jú wà níbẹ̀. Wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó gbẹ́lẹ̀. Mo ní: "Wọn kò kọ nǹkan kan, Ìyá."

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè: "Rárá?"

Mo lọ mú ìwé yìí àti kálàmù, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀:

Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyá Sàlímọ́nù ọkọ Wòsílátù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará Èkó gúnlẹ̀ sí Ìsun Olókùúta, tí àwọn ọkùnrin wà nípàdé, ó fún Rọ̀kíbátù lómi mu. Ó gbẹ́ ibojì mẹ́ta. Ó fi ìró ìgbéyàwó rẹ̀ wé òkú mẹ́ta. Ó ń gbá ibẹ̀ láti ìgbà náà títí di òní.

Mo kà á fún un. Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà.